Bí mo ṣe dá búlọ́ọ̀gù iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀, àti àwọn àṣìṣe tó fa owó mi sẹ́yìn

Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn. Ọdún 4 ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Mọ́kọ́lá kí n tó ṣe fríìdọ̀mù, kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù tèmi. Lọ́dún 2021, mo dá búlọ́ọ̀gù sílẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi, pé kó máa mú owó wọlé nígbà tí aṣọ ò bá sí nílẹ̀. Ó gbà mí ju ọdún kan lọ kí n tó rí owó tó ṣeé kà níbẹ̀. Owó wà níbẹ̀ o. Èmi ni mo ń wá a síbi tí kò sí. Ó lé ní 20 ọmọ iṣẹ́ tó ti bi mí bí mo ṣe ṣe é, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ má baà gba ibi tí mo gbà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣì ṣe ni pé gbogbo nǹkan ni mò ń kọ. Mo wò ó pé àwọn tó ń gbé ìròyìn òṣèré àti bọ́ọ̀lù ló ń rí èrò, ni èmi náà bá bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, ìgbéyàwó òṣèré. Lọ́sàn-án, iṣẹ́ ìjọba tó ń gba èèyàn. Ó di alẹ́ kí n tó rántí gbé àwòrán gáùn tí mo rán síbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìròyìn yẹn, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni mo ti dà á kọ, mo kàn yí ọ̀rọ̀ díẹ̀ padà. Ẹni tó ni ọ̀kan nínú wọn kọ̀wé sí mi pé kí n yọ ọ́ kúrò. Ojú tì mí, mo sì yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, torí ká ní ẹnì kan mú àwòrán aṣọ tí mo rán, tó fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sí i, inú mi ò ní dùn. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti Nàìjíríà ti ọdún 2022 kan ohun orí íntánẹ́ẹ̀tì náà. Ẹni tó ni iṣẹ́ lè ní kí wọ́n yọ iṣẹ́ òun kúrò. Àwòrán tí ẹ bá rí nínú Google, ẹ má rò pé kò lẹ́ni tó ni ín.

Àmọ́ àdánù tó tóbi jù níbẹ̀ ni irú èrò tí mo kó jọ. Ẹni tó wá ka ọ̀rọ̀ òṣèré ò wá béèrè iye yáàdì tó máa rán ìró àti bùbá. Ó kà á tán, ó bá tiẹ̀ lọ. Oṣù 7 ni mo fi kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ, nígbà tí mo sì wá polówó pé mo fẹ́ kọ́ èèyàn níṣẹ́, kò sí ẹni tó dáhùn. Mo pa gbogbo ìròyìn yẹn rẹ́. Ojú ìwé 19 péré ló ṣẹ́kù, gbogbo wọn lórí aṣọ. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ tí mo pa wọ́n rẹ́, torí èrò tó ń wá já wálẹ̀ wìì. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹnì kan kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè gidi: báwo ni wọ́n ṣe ń lẹ gọ́ọ̀mù, ìyẹn aṣọ tó ń mú kọ́là dúró, sí kọ́là tí kò ní hó?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúkọ ojú òpó, ìyẹn àdírẹ́sì tí èèyàn máa tẹ̀ kó tó rí búlọ́ọ̀gù, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é bí mo ṣe ṣe é. Ọmọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà ládùúgbò wa ni mo kówó fún kó bá mi ra orúkọ, kó sì bá mi to ojú òpó náà. Ó ṣe é dáadáa. Ohun tí mi ò bi í ni pé àkáùǹtì ta ló fi rà á. Ímeèlì tiẹ̀ ló lò, nọ́ńbà tiẹ̀ ló lò. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni létà ìsanwó ń lọ, òun sì ti kúrò n'Ìbàdàn, nọ́ńbà tí mo ní kò lọ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mo fẹ́ fi iṣẹ́ mi han oníbàárà kan lórí fóònù, kò sí ohun tó yọ. Mo tún un tẹ̀, kò sí nǹkan kan.

Orúkọ .com tí àkókò rẹ̀ bá tán kì í bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láyè díẹ̀ kó sanwó. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 30 tún wà tó fi lè rà á padà lówó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí àkáùǹtì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lè san án. Èmi tí mo fi òru kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, mi ò láṣẹ kankan lórí rẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó yọ mí ni pé inú ìwé ni mo ti máa ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo sì tún wọn tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Fúnra mi ni mo ra orúkọ tuntun, .com.ng, ímeèlì mi, káàdì mi, ọ̀rọ̀ aṣínà mi tí mo kọ sínú ìwé ilé. Tí ẹ bá ti gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíì, ẹ bi í lónìí, kì í ṣe lọ́la: tí ìgbà ìsanwó bá tó, ta ni wọ́n máa kọ̀wé sí? Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ ní kó gbé e wá sínú àkáùǹtì tiyín. Tí owó ò bá sì tíì tó, Blogger ti Google, níbi tí èèyàn ti lè dá búlọ́ọ̀gù sílẹ̀, ò gba kọ́bọ̀, ẹ sì lè so orúkọ tí ẹ fowó ara yín rà mọ́ ọn.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ò kan kọ̀ǹpútà rárá. Mo kọ bí wọ́n ṣe ń gé bùbá. Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ pé a máa ká aṣọ sí méjì lójú èjìká, a ó tún ká a sí méjì lójú àárín, á wá di ìpele 4. Láti ojú ìká àárín la ti máa wọ̀n ọ́n. A ó pín àyà sí ọ̀nà 4, a ó mú ọ̀nà kan, a ó fi ìnǹṣì 3 kún un kó lè fẹ̀. Àyà 40, ọ̀nà kan jẹ́ 10. Pẹ̀lú 3, ó di 13. Gbogbo èyí ni mo kọ, àfi ìká kejì. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé mi ò rántí pé ẹnì kan wà tí kò mọ̀ ọ́n. Àwòrán tí mo fi sí i náà, ìpele 2 ló hàn níbẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ kan ní Ìsẹ́yìn kà á lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì tẹ̀lé e bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Orí léèsì oníbàárà ló ti gé e. Iwájú bùbá tó yẹ kó fẹ̀ tó ìnǹṣì 26, 13 ló jẹ́. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?” Nígbà tí mo rí àwòrán tó tẹ̀ lé ohùn náà, àyà mi já. Ìgbéyàwó ọmọ oníbàárà yẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ra léèsì ọ̀hún. Mo wá irú rẹ̀ dé ọjà Gbági, mi ò rí i. Mo fi ìdajì owó léèsì ránṣẹ́, mo pe ọ̀gá ọmọ náà, mo ní ẹ̀bi ọmọ wọn kọ́, èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá náà bá mi wí gan-an. “Ẹ má bínú, mà” ni mo ń sọ títí tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán.

Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tí mo bá kọ, ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù ló máa kọ́kọ́ kà á. Á gbé ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì, á gé e bí mo ṣe kọ ọ́, mi ò sì ní la ẹnu mi. Ibi tó bá ti dúró, tó gbójú sókè wò mí, ibẹ̀ ni mo ti máa tún kọ. Nígbà míì, a máa ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kò sí ohun tó mú kí àwọn èèyàn padà wá bí ìyẹn, torí wọ́n ti rí i pé tí mo bá ní kí wọ́n gé e síbí, ó ṣeé gé.

Àwòrán náà, mo ti wá ń ya ọ̀kan fún ìká kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tún mú ìṣòro míì wá. Fóònù mi ń ya àwòrán tó tó mẹ́gábáìtì 4, ojú ìwé kan sì lè gbé 11. Ẹ wo dátà tí ọmọ iṣẹ́ tó ń ra ti ₦100 máa fi jó kó tó kọ́ bùbá. Mo ń dín wọn kù sí kìlóbáìtì 150 báyìí, ojú ìwé sì ń tètè ṣí.

Ó wá kan owó. Ìpolówó AdSense, ètò Google tó ń gbé ìpolówó sórí ojú òpó èèyàn tó sì ń sanwó fún un, ni mo gbójú lé níbẹ̀rẹ̀, bíi ti gbogbo èèyàn. Yorùbá ò sí lára àwọn èdè tí wọ́n ń gbé ìpolówó lé nígbà tí mo fi orúkọ sílẹ̀. Ó wà nínú ìlànà wọn, èmi ni mi ò kà á kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní láti kọ àwọn ojú ìwé kan lédè Òyìnbó kí wọ́n tó gbà mí. Wọn kì í san owó àfi tó bá pé dọ́là 100. Tó bá ti dé dọ́là 10, wọ́n á fi nọ́ńbà PIN ránṣẹ́ nínú létà, ẹ ó sì fi nọ́ńbà yẹn jẹ́rìí pé ibi tí ẹ sọ lẹ ń gbé. Àdírẹ́sì tí mo kọ ò ní nọ́ńbà ilé, létà ò dé. Àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ ọkọ mi ni mo padà lò.

Ìdí tí owó náà fi kéré ni pé àwọn olówó ìpolówó ló ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ń ta ìbánigbófò fún ará Amẹ́ríkà máa san owó gọbọi kí ẹnì kan ṣoṣo tó tẹ ìpolówó rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rí ọmọ iṣẹ́ aránṣọ n'Ìbàdàn ò ní san tó bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ èyí nígbà náà, mo rò pé èrò ló ṣì kéré, ni mo bá ní kí àbúrò mi àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa bá mi tẹ ìpolówó. Òfin AdSense kọ ìyẹn pátápátá, bóyá èèyàn tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ ni o, bóyá ó bẹ ẹlòmíì ni o. Wọ́n yọ owó yẹn kúrò nígbà tí oṣù parí. Ká ní mo tẹ̀ síwájú, wọn ì bá ti àkáùǹtì náà pa, bó ṣe tọ́ sí mi. Oṣù 10 ni mo fi dé dọ́là 100.

Ohun tó yí i padà ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí àwọn èèyàn ń wá. Google Search Console, ọ̀fẹ́ ni, ó máa ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú Google kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín hàn. “Yaadi melo ni iro ati buba.” “Bi a se n ge agbada omode.” Wọn kì í fi àmì sí i. Mo máa ń fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ojú ìwé mi, torí mi ò lè kọ èdè mi sílẹ̀ níhòòhò, ṣùgbọ́n mo ń kọ orúkọ ìlujá, ìyẹn àdírẹ́sì ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, láìfi àmì sí i. Àǹkárá yáàdì 6 ni wọ́n sábà ń dì tà, ohun tí wọ́n sì fẹ́ mọ̀ ni ohun tó máa jáde nínú rẹ̀ fún ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti ẹni tó sanra. Mo kọ ìyẹn, ó sì di ojú ìwé tí wọ́n ń kà jù.

Nínú ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n máa san owó lé. Wọ́n lè rán aṣọ. Yíya pátánì, ìyẹn ìwé ìwọ̀n tí èèyàn máa fi gé aṣọ, ló ń dà wọ́n láàmú. Mo ya pátánì bùbá ní ìwọ̀n 5, mo sọ ọ́ di fáìlì PDF tí wọ́n lè tẹ̀ jáde sórí ìwé A4 ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. ₦1,500 ni mo ń tà á. Mo ya àpótí kékeré ìnǹṣì 2 sí ojú ìwé àkọ́kọ́: kí wọ́n fi tépù wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gé ohunkóhun, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé míì máa ń fún un pọ̀ díẹ̀, bùbá á sì kéré. Èèyàn 64 ló rà á láàárín oṣù 2 àkọ́kọ́, ₦96,000. Ó ju owó ìpolówó oṣù 10 lọ, bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ dọ́là nígbà náà.

Ìwé owó tún wà, ó kúrú. Ohun tó wọlé nìkan ni mo ń kọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo kọ dátà, owó orúkọ, owó àyè tí ojú òpó wà àti epo jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo rí i pé ọdún àkọ́kọ́, èmi ni mo ń bọ́ búlọ́ọ̀gù náà. Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ọjọ́ kìíní.

Ìpolówó ṣì wà níbẹ̀, ó ń san owó dátà. Pátánì ló ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Lọ́wọ́ báyìí, ti agbádá ọmọdé ló wà lórí tábìlì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ iṣẹ́ mi ti gé e lórí ìwé ìròyìn, ó ṣì ń dúró tó bá dé ojú ọrùn, torí náà mi ò tíì gbé e jáde.