Ọ̀rọ̀ álímánáàkì ẹgbẹ́ wa

Ẹ̀yin ará wa l'Ẹ̀pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, bí a bá ń múra àtitẹ nǹkan ọdún tuntun, ẹ má kàn sọ fún atẹ̀wé pé "álímánáàkì" la fẹ́. Bébà fífẹ̀ kan ṣoṣo, fọ́tò àwọn olóyè lókè, oṣù méjìlá nísàlẹ̀, ohun tó máa gbé wá nìyẹn. Ìwé oríkì agboolé la ní lọ́kàn lọ́jọ́sí. Fọ́tò ara wa la gbà! Àkójọ oríkì ló yẹ ká ti pè é. Ti òwe, àkójọ òwe ni. Bó bá sì jẹ́ ọjọ́ ọjà ìbílẹ̀ lẹ ń wá, kàlẹ́ńdà ọlọ́jọ́ méje nìkan ò tó: ọjọ́ mẹ́rin lọ̀sẹ̀ Yorùbá, kọ́jọ́dá, ìyẹn kàlẹ́ńdà ìbílẹ̀ Yorùbá, ni kẹ́ ẹ bèèrè. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un o, kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀.