Onílé Fẹ́ Rẹ́ Mi Jẹ: Ìbéèrè Àwọn Ayálégbé àti Ìdáhùn

Òfin ilé yíyá yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dárúkọ ibi tí òfin kọ̀ọ̀kan ti múlẹ̀. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ àwọn onílé tí kò lóòótọ́ ni kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ìbéèrè: Mo ti kó jáde, mo sì ti dá kọ́kọ́rọ́ padà. Onílé ní òun ò ní dá owó ìdógò tí mo san lọ́jọ́ tí mo gba ilé padà, pé ògiri ti dọ̀tí, kápẹ́ẹ̀tì sì ti gbó. Ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀?

Ó lè yọ owó ohun tí ẹ bàjẹ́. Kò lè yọ owó ohun tí ìlò gbó. Ọ̀dà tó ṣá lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kápẹ́ẹ̀tì tó fẹ́lẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà, ìlò ni gbogbo ìyẹn, owó ilé tí ẹ ti ń san ti kárí rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ẹ fọ́ tàbí kápẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi áyọ́ọ̀nù jó, ẹ̀yin lẹ ni gbèsè ìyẹn. Síbẹ̀, kò yẹ kó fi owó yín ra tuntun dípò ògbólógbòó. Bí kápẹ́ẹ̀tì náà bá ti lo ọdún mẹ́jọ kí iná tó jó o, iye tó kù lára rẹ̀ lẹ jẹ, kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta tuntun.

Ẹ má bá a jiyàn lórí fóònù. Ẹ kọ̀wé sí i báyìí: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye rẹ̀, kí ẹ sì fi rìsíìtì tì í. Mo fẹ́ gba ìyókù owó mi kó tó di ọjọ́ báyìí." Ẹni tó ń parọ́ kì í fẹ́ kọ iye sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rọ̀.

Ní California, ọjọ́ 21 ni òfin fún onílé lẹ́yìn tí ayálégbé bá kó jáde, láti dá owó padà tàbí kó fi àkọsílẹ̀ ohun tó yọ ránṣẹ́. Ní England, láti ọdún 2007, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onílé aládàáni gbọ́dọ̀ fi owó ìdógò sábẹ́ ètò ààbò tí ìjọba fọwọ́ sí. Ọjọ́ 30 ni wọ́n ní láti ṣe é. Onílé tí kò bá ṣe é, ilé ẹjọ́ lè ní kó san iye owó náà, tàbí ìlọ́po rẹ̀ títí dé mẹ́ta, fún ayálégbé. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ayálégbé ibẹ̀ máa bèèrè ni pé, "Ètò wo lẹ fi owó mi sí?" Àwọn ètò wọ̀nyí ń parí aáwọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ onílé ni wọ́n sì ti ń bèèrè ẹ̀rí, torí owó ayálégbé ni owó náà títí onílé yóò fi fi hàn pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Bí ẹ kò bá ya àwòrán ilé lọ́jọ́ tí ẹ wọ̀ ọ́, ẹ wá inú fóònù yín dáadáa. Àwòrán ọjọ́ ìbí ọmọ tí ògiri hàn lẹ́yìn rẹ̀ lè wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí ọjọ́ tí wọ́n yà á wà lára rẹ̀.

Ìbéèrè: Owó ilé mi pẹ́ díẹ̀. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a pé onílé ti pààrọ̀ àgádágodo, ẹrù mi sì wà nínú ilé. Ó ní ṣebí òun ti fún mi níwèé lóṣù tó kọjá pé kí n kó jáde. Kí ni mo lè ṣe lálẹ́ yìí?

Ìwé pé kí ẹ kó jáde kì í ṣe àṣẹ ilé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ò mọ èyí, ọ̀pọ̀ onílé sì mọ̀ ọ́n, wọ́n kàn fẹ́ kí ẹ má mọ̀ ni. Níbi tó pọ̀ lágbàáyé, bí àsìkò inú ìwé bá pé tí ayálégbé kò lọ, iwájú adájọ́ lọ̀rọ̀ kàn. Bí adájọ́ bá pàṣẹ, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ ló ń mú un ṣẹ, kì í ṣe onílé àti àwọn ọmọ àdúgbò. Gbèsè owó ilé kò pa èyí rẹ́. Ó lè pè yín lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, kó sì borí, ṣùgbọ́n kò lè fi àgádágodo gbà á.

Ní England, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni irú èyí lábẹ́ òfin ọdún 1977 tó dáàbò bo ayálégbé. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ní bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé oṣù kan ni ti ẹni tó ń san owó lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà ni ti ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ọjọ́ méje tún wà kí onílé tó lọ sílé ẹjọ́. Òfin kan náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, tó ní owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n nínú, kí èèyàn fipá lé ayálégbé jáde, tàbí kó wó ilé tàbí yí i padà nítorí kó lè lé e. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣí páànù lórí ayálégbé, ẹ gbọ́.)

Lálẹ́ yìí, ẹ ya àwòrán ilẹ̀kùn àti àgádágodo. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí onílé pé ẹ ti dé, ó ti tì yín síta, kó wá ṣílẹ̀kùn. Ẹ pe ẹnì kan tó lè jẹ́rìí. Ẹ mú àdéhùn tàbí rìsíìtì yín lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n lè ní àwọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé pé kò sí àṣẹ ilé ẹjọ́ kankan, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wá agbẹjọ́rò tàbí àwọn tó ń ṣojú aláìní lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ òfin, torí ilé ẹjọ́ lè yára pàṣẹ pé kí wọ́n dá yín padà sínú ilé. Ẹ má fọ́ ilẹ̀kùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtàn máa ti yí padà, ẹ̀yin lẹ máa di ẹni tó ba ilé onílé jẹ́.

Ìbéèrè: Òrùlé ń jò láti ìgbà pípẹ́, onílé kò dáhùn. Ṣé kí n dá owó ilé dúró?

Rárá o, àyàfi tí òfin ibi tí ẹ wà bá gbà bẹ́ẹ̀ gbangba. Ní Jámánì, òfin fúnra rẹ̀ ló ń dín owó ilé kù nígbà tí ilé bá ní àbùkù tó le, bí ayálégbé bá ti sọ fún onílé. Níbẹ̀ náà, ẹni tó bá dín in kù jù, tí gbèsè sì di ti oṣù méjì, lè pàdánù ilé. Níbòmíràn, ọjọ́ tí ẹ bá dá owó dúró lẹ di onígbèsè, ẹjọ́ òrùlé á sì di ẹjọ́ owó.

Ẹ kọ̀wé, ẹ fi àwòrán àti ọjọ́ sí i, ẹ dá àsìkò fún un. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ní àwọn tó ń bẹ ilé wò, ẹ pè wọ́n. Bí onílé bá ní, "Ẹ tún un ṣe, a ó yọ ọ́ nínú owó ilé", kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀ kí ẹ tó ra ìṣó kan ṣoṣo.

Ìbéèrè: A ò kọ àdéhùn kankan. Ṣé mo ní ẹ̀tọ́?

Ẹ ní in. Òfin Èkó àti ti England mọ àdéhùn ẹnu ní àdéhùn. Ìṣòro rẹ̀ ni ẹ̀rí, nítorí náà ẹ máa sanwó láti báńkì. Bí ó bá jẹ́ owó ọwọ́, tí onílé sì kọ̀ láti fún yín ní rìsíìtì, ẹ kọ ọ́ sí i lórí fóònù lójú ẹsẹ̀: "Mo fún yín ní iye báyìí lónìí fún oṣù báyìí." Bó bá ti dáhùn pé "ó dáa", ẹ ti rí rìsíìtì gbà.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní kí n san owó kí n tó wo ilé, pé àwọn mìíràn ti ń dù ú.

Ẹ má san án.

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí mo ti fẹjọ́ onílé sun ìjọba, ó ní òun máa fowó kún owó ilé, tàbí kí n lọ.

Ẹ̀san ni, òfin àwọn ibì kan sì mọ̀ ọ́n. Ní California, onílé kò gbọ́dọ̀ torí pé ayálégbé fẹjọ́ sùn lé e jáde tàbí kó fowó kún owó ilé láàárín ọjọ́ 180. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ owó ilé ni ààbò yìí wà fún. Níbi tí kò bá ti sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ má dá kojú onílé. Bí ayálégbé mẹ́fà bá fọwọ́ sí ìwé kan náà, tí òrùlé kan náà sì ń jò sórí gbogbo wọn, ó ṣòro fún un láti mú ẹnì kan kó fi ṣe àríkọ́gbọ́n.