Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí Ẹ Bá Fẹ́ Gba Ọmọ Tó Wà Lọ́dọ̀ Alágbàtọ́ Ṣọmọ ní Amẹ́ríkà

Ẹ má ṣèlérí ohun tí kóòtù ò tíì fọwọ́ sí. Tí wọ́n bá gbé ọmọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ ní Amẹ́ríkà, ohun tí ìjọba sábà máa ń kọ́kọ́ lépa ni kí ọmọ náà padà sọ́dọ̀ òbí rẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 1997, bí ọmọ bá ti lo oṣù 15 lọ́dọ̀ alágbàtọ́ nínú oṣù 22 tó kọjá, ó yẹ kí ìpínlẹ̀ gba kóòtù lọ láti fòpin sí ẹ̀tọ́ òbí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà fàyè sílẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí ló wà. Títí adájọ́ yóò fi dájọ́, ẹ má sọ fún un pé, "Ọ̀dọ̀ wa lo máa wà títí ayé." Bí wọ́n bá dá a padà, ẹ ti di àgbàlagbà mìíràn tó purọ́ fún un nìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni báwọn èèyàn ṣe ń kánjú pa àná ọmọ rẹ́. Ọmọ dé tòun ti aṣọ rẹ̀ nínú àpò ọ̀rá dúdú. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ dà nù, wọ́n ti ra tuntun. Mo mọ̀ pé inú rere ni. Àmọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ṣì ní òórùn ilé wọn. Ẹ má jù ú nù. Ẹ má tilẹ̀ fọ̀ ọ́ láìbi í léèrè. Ẹ má sáré pààrọ̀ orúkọ rẹ̀, ẹ má sì bú ìyá tó bí i létí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbà pé ẹ bú.

Bí ẹ bá rí búrẹ́dì gbígbẹ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ẹ má pè é lólè. Ẹni tí ebi ti hàn léèmọ̀ kì í tètè gbà pé oúnjẹ ọ̀la dájú. Ẹ gbé ìpápánu síbi tọ́wọ́ rẹ̀ á ti máa tó o. Ó lè pẹ́ kó tó jáwọ́.

Ẹ má retí ọpẹ́. Kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n wá mú òun.

Ti ìwé náà ṣì wà ńlẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún òṣìṣẹ́ tó wá yẹ ilé yín wò. Ẹ béèrè bóyá ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, kí ẹ sì gba àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí kóòtù parí ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti fọwọ́ sí àdéhùn owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún títọ́ ọmọ téèyàn gbà ṣọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ tàbí tó ní àìlera ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àmọ́ ṣáájú ìdájọ́ ìkẹyìn ni òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n ti fọwọ́ sí i. Tó bá ti kọjá ìgbà yẹn, àtirí i gbà a máa le gan-an.