Bí a ṣe ń yẹ gìtá béèsì àtijọ́ wò kí wọ́n tó fi àtúnṣe bà á jẹ́

Ẹ má tíì nù ún. Gìtá béèsì tí ẹ bá rí nínú yàrá ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì ní Òmù-Àrán, tàbí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù bàbá kan ní Ọ̀ffà tó bá ẹgbẹ́ jùjú ṣeré nígbà èwe rẹ̀, eruku kọ́ ló ń ba irú rẹ̀ jẹ́. Omi, ọṣẹ àti ìtara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ló ń bà á jẹ́. Irú wọn ṣì wà káàkiri Kwara, torí pé nígbà tí kíbọ́ọ̀dù gba ilé ìjọsìn àti òde àríyá, ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló gba iṣẹ́ béèsì ṣe. Gìtá wá di ẹrù. Ẹni tó jogún rẹ̀ kì í mọ̀ bóyá igi ìdáná ló gbé dání ni àbí owó mọ́tò.

Ohun tí ẹ máa lò ò pọ̀: fóònù tó ń ya fọ́tò dáadáa, tọ́ọ̀ṣì, tépù irin ti káfíńtà (ti télọ̀ máa ń fà tó bá ti pẹ́, ẹ fi sílẹ̀), sukudiráfà sítáà tó bá ojú sukúrù mu, àti kíréètì ẹyin kan tó ti ṣófo. Àwọn kan máa ń ra ike onílé-ilé láti kó sukúrù sí. Kíréètì ẹyin dára jù ú lọ, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan: sukúrù kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀, ẹ ó sì fi bírò kọ ibi tó ti wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo ara rẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, orí, ẹ̀gbẹ́ ọrùn, àti ojú sukúrù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n. Láti ibi egungun funfun tí okùn gbà kọjá lókè ọrùn dé fírẹ́ẹ̀tì kejìlá (fírẹ́ẹ̀tì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn), ẹ sọ iye tí ẹ bá rí di ìlọ́po méjì. Gígùn okùn nìyẹn, kì í ṣe ti gbogbo gìtá. Bó bá jẹ́ ínṣì 17, gìtá onínṣì 34 ni, ìwọ̀n Precision Bass ti Fender, ilé iṣẹ́ gìtá Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1951 àti Jazz Bass tó tẹ̀lé e ní 1960. Bó bá jẹ́ ínṣì 15, gìtá onínṣì 30 ni, bíi Fender Mustang Bass ti 1966, tàbí Höfner 500/1 ti Jámánì tó rí bíi fayolíìnì, tó ti wà láti 1956. Ọ̀pọ̀ àwọn kéékèèké tí Jápáànù ṣe láàárín ọdún 1960 sí 1970 náà kúrú. Tí wọ́n bá kọ Precision sí i lórí tó sì jẹ́ ínṣì 30, ìdajì iṣẹ́ yín ti parí: kì í ṣe ojúlówó.

Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ kà. Èmi máa ń kà á kẹ́yìn. Wọ́n ń ta bébà orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá sì ní súùrù lè lẹ̀ ẹ́ tí kò ní hàn. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fún gìtá sàn díẹ̀. Ti Fender àtijọ́ wà lára irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn, níbi tí ọrùn ti pàdé ara, ṣùgbọ́n sukúrù mẹ́rin péré ló dì í mú, ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ rẹ̀. Láti 1976 ni wọ́n ti gbé nọ́ńbà lọ sí orí gìtá, níbi tí kọ́kọ́rọ́ okùn wà: S jẹ́ ti àwọn ọdún 1970, E jẹ́ ti àwọn ọdún 1980, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà yìí ló sì ń tọ́ka sí ọdún. JV ni ti àwọn tí Jápáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1982. Ti Ibanez, orúkọ gìtá Jápáànù mìíràn, ní ìgbà yẹn rọrùn jù: lẹ́tà àkọ́kọ́ ni oṣù, A fún Oṣù Kìíní títí dé L, nọ́ńbà méjì tó tẹ̀lé e sì ni ọdún. F78 ni Oṣù Kẹfà 1978.

Ẹ ó gbọ́ tí àwọn olùtajà ń sọ pé gìtá Jápáànù “tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù” ni, kí owó rẹ̀ lè ga. Òótọ́ ni pé ní 1977, Norlin, tó ni ilé iṣẹ́ gìtá Gibson ti Amẹ́ríkà nígbà náà, pe àwọn tó ń kó Ibanez wọ Amẹ́ríkà lẹ́jọ́, àmọ́ bí orí gìtá ṣe rí ni ẹjọ́ náà dá lé. Kò kan gbogbo gìtá tó ti Jápáànù wá. Ẹ má fi kọ́bọ̀ kún owó nítorí ìtàn yẹn.

Ó wá ku ṣíṣí i. Ibí ni wọ́n ti ń ba gìtá jẹ́ jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dẹ okùn díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn pọ̀. Ẹ má gé okùn tó ṣì le. Sukúrù àtijọ́ rọ̀ lójú. Tí sukudiráfà bá kéré sí i, yóò yí lójú rẹ̀, ojú sukúrù tó ti yí yóò sì máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra gìtá náà pé ẹnìkan ti wọ ibẹ̀ láìmọṣẹ́. Ẹ fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí i sí ọ̀tún bíńtín kí ìpẹtà já, kẹ́ ẹ tó wá yí i sí òsì. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi yí i. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà gbé ẹ̀rọ oníbátìrì rẹ̀ dé tòsí ibẹ̀.

Ike tó bo ojú gìtá máa ń sún kì tó bá ti pẹ́, ooru abẹ́ páànù ilé wa ò sì ràn án lọ́wọ́. Ó lè là níbi ihò sukúrù bí ẹ bá fi ipá gbé e. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ ná, ẹ yọjú wo abẹ́ rẹ̀, torí wáyà so mọ́ ọn. Lára ọ̀pọ̀ Precision, ike yìí gan-an ló gbé kọ́ńtúróòlù fọ́lúùmù dání; lára Jazz Bass, irin pẹlẹbẹ ọ̀tọ̀ ló gbé e. Mo ti rí ẹni tó fà á bí ẹni ń fa ìlẹ̀kùn fíríìjì, wáyà já tán, ó ní òun fẹ́ wo ọdún rẹ̀ ni.

Ẹ wo ẹ̀yìn kọ́ńtúróòlù náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀. 137 ni ilé iṣẹ́ CTS, 304 ni Stackpole, Amẹ́ríkà ni méjèèjì. Bí ẹ bá rí 1377632, ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 1976 ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kọ́ńtúróòlù nìyẹn, kì í ṣe ti gìtá. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé gìtá náà ò lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí kọ́ńtúróòlù ọ̀hún bá jẹ́ ti àkọ́kọ́. Fender kó kọ́ńtúróòlù jọ rẹpẹtẹ ní 1966, wọ́n sì ń lò ó fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà.

Nígbà mìíràn òjé tí wọ́n fi lẹ wáyà máa ń bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀! Àwọn tó ń tún rédíò ṣe máa ń yọ́ ọ kí wọ́n lè rí nọ́ńbà kà, wọn ò mọ̀ pé òjé ọ̀hún níye lórí ju nọ́ńbà lọ. Òjé tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti ilé iṣẹ́ máa ń ṣú, ó sì máa ń jọra níbi gbogbo. Bí ojú kan bá ń dán láàárín wọn, wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan níbẹ̀. Ẹ wo wáyà náà: Fender lo èyí tí wọ́n fi òwú wé títí di ìparí àwọn ọdún 1960. Bí oníṣẹ́ bá ní òun fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dànù kí ohùn lè mọ́ kedere, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé gìtá yín máa lọ.

Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ tú ọrùn, ẹ wo ìdí rẹ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ tàbí tí wọ́n tẹ̀ sí i. Bí ọ̀dà bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, ẹ rọra mì ín. Ẹ má ki ọ̀bẹ bọ àárín rẹ̀. Bébà tàbí páálí kékeré tí ẹ bá bá nínú ihò ọrùn, ẹ dá a padà síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá sukúrù padà, ẹ kọ́kọ́ yí i sí òsì títí yóò fi já wọnú ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́, kẹ́ ẹ tó wá yí i sí ọ̀tún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó gé ọ̀nà tuntun sínú igi.

Ọ̀dà ló kàn. Iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń dá owó ayédèrú mọ̀ tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tàn án sí i: ọ̀dà àtijọ́ máa ń mú àwọ̀ ìyeyè rúsúrúsú wá, ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn á yàtọ̀. Ẹ fi àwọ̀ abẹ́ ike wé ti òde. Nínú ọyẹ́, ọ̀dà àtijọ́ máa ń sán wẹ́wẹ́ bí irun. Èyí tó nípọn tí Fender wá lò lẹ́yìn náà máa ń ṣí ní èèpá ni. Gìtá tí ẹnìkan bá gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fín ọ̀dà sí àga kí ó lè dán, ìdajì owó rẹ̀ ti lọ. Bí àwọn oníṣòwò gìtá àtijọ́ ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyẹn. Kó họ kan igi sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi èèkù sukudiráfà kan ara rẹ̀ yíká, bóyá ikán ti wọ ibẹ̀.

Tó bá dọ̀rọ̀ owó, iye tí wọ́n ti rà á ni kẹ́ ẹ wò lórí Reverb tàbí eBay, àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe iye tí wọ́n ń béèrè. Fender tí wọ́n ṣe kí CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, tó ra ilé iṣẹ́ náà ní 1965 ló wọ́n jù. Jápáànù ni ẹ ó máa bá pàdé jù ní Ìlọrin, owó wọn ò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ Ibanez tó pé pérépéré kì í ṣe ẹrù Ọjà-Ọba. Pikọ́ọ̀pù (ohun tó ń gba ohùn lábẹ́ okùn) tó ti kú pàápàá, bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ fi sínú ọ̀rá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ okùn àti sukúrù tí wọ́n ti yọ tẹ́lẹ̀. Àpótí rẹ̀, rìsíìtì, fọ́tò ẹgbẹ́ orin tí gìtá náà hàn nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń fi owó kún un.

Bó bá jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, torí olùrà òkè òkun yóò béèrè ẹni tó ni ín. Bó bá sì jẹ́ Fender tó ṣáájú àárín àwọn ọdún 1960, igi róòsìwúùdù Bùràsíìlì lè wà lójú ọrùn rẹ̀. Òfin àgbáyé ti dá òwò igi yẹn dúró láti 1992, nítorí náà ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà kí ó tó kọjá ẹnubodè.