Kóòṣì, kí lẹ gbà gbọ́? Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ ìlànà tẹ́ ẹ ó fi máa darí tíìmù yín

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù ládùúgbò, tí wọ́n bá bi wá pé kí ni ìlànà wa, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni 4-4-2, ìyẹn bá a ṣe ń to àwọn agbábọ́ọ̀lù sórí pápá, tàbí "èmi ò gba gbẹ̀rẹ́". Ìyẹn kọ́ là ń wí o. Ìlànà ni nǹkan tẹ́ ẹ ò ní yí padà kódà tó bá máa jẹ́ kí ife ẹ̀yẹ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, tí kò bá lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹnu sì dùn-ún ròfọ́.

Ẹ má fi gírámà bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìwé kan, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe nínú àwọn mááṣì tẹ́ ẹ gbá kẹ́yìn: ta ló gbá, ta ni ò wọlé rárá, kí lẹ sọ ní hááfù táìmù, ta lẹ pariwo mọ́. Ẹ̀ẹ́ rí i pé ọmọ kan wà tó ń wá sí tréníńgì lójoojúmọ́, òun ló ń kó bọ́ọ̀lù, òun ló ń to kóònù, síbẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ kan pápá lọ́jọ́ mááṣì, òmíràn sì wà tó jẹ́ ọjọ́ mááṣì nìkan lẹ máa ń rí i, ó sì ń wọlé torí ó mọ góòlù ju. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni ìlànà yín lónìí, bóyá ẹ fẹ́ ẹ tàbí ẹ ò fẹ́ ẹ.

Ẹ wo Stephen Keshi, kóòṣì Super Eagles, nígbà Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́dún 2013. Ó gbà pé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé náà tó Super Eagles í gbá fún, ó wá fi Obafemi Martins àti Peter Odemwingie sílẹ̀, ó mú Godfrey Oboabona láti Sunshine Stars Àkúrẹ́, ó mú Sunday Mba, ariwo sì sọ. Mba yìí náà ló gbá góòlù tó lé Côte d'Ivoire lọ sílé, òun ló tún gbá ẹyọ kan tá a fi na Burkina Faso ní fáínà ní South Africa. Àmọ́ nígbà tí Keshi ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kò mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ẹ̀kọ́. Torí Baba Adégbóyè Onígbìńdé náà, nígbà tí wọ́n jẹ́ kóòṣì Super Eagles, gbẹ́kẹ̀ lé àwọn ọmọdé fún Ife Àgbáyé 2002, Vincent Enyeama tó ṣì kéré ṣọ́lé, England ò rí góòlù kankan gbá wọ̀ ọ́, síbẹ̀ a ò jáde nínú gúrúùpù. Ìlànà kì í ṣe oògùn ìṣẹ́gun.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú àwọn ọ̀rọ̀ tó dájú pé ó máa délẹ̀ kẹ́ ẹ sì kọ ìpinnu yín sí i kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé. Ti ọjọ́ orí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ. Ní 2009 tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje àwọn tí ò tíì ju ọdún 17 lọ, ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara ni FIFA fi yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n ti ju ọdún 17 lọ, àmọ́ ní pápá àdúgbò kò sẹ́rọ kankan, ẹ̀yin àti ẹ̀rí ọkàn yín ni. Ẹni ọdún 17 tẹ́ ẹ kó sáàárín àwọn ọmọ ọdún 13, àyè ọmọ kan ló gbà, ọmọ yẹn á sì máa rò pé òun ò mọ bọ́ọ̀lù, á fi í sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí wọra.

Ti àkókò gbígbá, ẹ má kọ "a máa ṣe dáadáa sí gbogbo ọmọ", ẹ kọ ọ́ báyìí: "ọmọ tó bá wá sí gbogbo tréníńgì ọ̀sẹ̀ yẹn á gbá hááfù kan ó kéré tán", kí òbí tó dúró létí pápá lè fojú ara ẹ̀ rí i bóyá ẹ ṣe é. Owó tí òbí bá fẹ́ fún yín kí ọmọ ẹ̀ lè wọlé? Ẹ má gbà á. Ó tán.

Ti ìjákulẹ̀ wá ńkọ́? Ọmọ kan ju pẹ́nárítì nù, ó dorí kodò, bàbá ẹ̀ ń pariwo létí pápá pé "Kóòṣì, ẹ yọ ọ́!", ojú gbogbo àwọn tó kù sì wà lára yín. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣe làwọn náà máa ṣe sí i lọ́nà ilé. Ẹ fi í sílẹ̀ sórí pápá, kẹ́ ẹ sọ fún bàbá pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tá a bá parí", tí fèrè bá sì dún, ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹjọ́ rẹfirí lè dúró.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, kó má ju ojú ìwé kan lọ, ẹ kà á sí àwọn ọmọ létí. Tí wọ́n bá ń wo ara wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, nǹkan wà níbẹ̀ tí ẹ kì í ṣe, ẹ bi wọ́n, wọ́n á sọ ọ́. Ẹ fún igbákejì yín ní ẹ̀dà kan, kó má lọ máa sọ òdì kejì fún wọn lẹ́yìn yín. Tí sáà bá parí, ẹ tún ṣí ìwé àkọ́kọ́ yẹn, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì síra, èyí tí ò bá ṣiṣẹ́ ẹ tún un ṣe, àmọ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ nípa ẹ̀ kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ mááṣì ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́.