Ẹ má ṣán ilẹ̀ mọ́ pátápátá kí ẹ tó gbin ìrókò

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń múra láti gbin ìrókò nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ṣán gbogbo igbó tó wà lórí ilẹ̀ náà. Bí ilẹ̀ bá ń sinmi, koríko ló ń kọ́kọ́ hù, igbó kéékèèké a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni igi ńlá ń rí ààyè. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ètò yìí.

Kòkòrò tíntín kan wà tó ń mú ewé ọ̀dọ́ ìrókò wú ní kókó. Bí kókó náà bá bẹ́, orí igi a rà, ìyọnu yìí sì máa ń pọ̀ jù níbi tí a bá ti gbin ìrókò nìkan sí gbangba oòrùn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbin òtílí, irú ẹ̀wà kan tó ń ga bí igi kékeré, tí ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ilẹ̀ lóore, kí ẹ sì gbin ìrókò sáàárín rẹ̀ ní ọdún kejì. Ẹ ro ìdí igi kọ̀ọ̀kan yíká ní nǹkan bí ìdajì mítà. Koríko ẹ̀kan nìkan ni kí ẹ má ṣe dá sí, torí pé ó ń bá igi du omi, ó sì ń gbé iná ọ̀gbẹlẹ̀ wọlé.

Ìrókò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ bó bá ti ń dàgbà, nítorí náà ẹ máa gé ẹ̀ka òtílí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ kó kan ìdí igi.