Bí ẹ ṣe lè gba owó àtúnṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́ wáráńtì àfikún

Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn pé kò kú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ (suspension), ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀ tó sì ń gba gbígbọ̀n ojú ọ̀nà, kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì àti búṣìn (rọ́bà tó wà níbi tí irin ti so pọ̀) máa ń rẹ̀, ìyẹn ló fi ń rọrùn fún ilé-iṣẹ́ tó ta wáráńtì àfikún (àdéhùn tí ẹ rà kí wọ́n lè máa san owó àtúnṣe lẹ́yìn tí wáráńtì iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ bá parí) láti sọ pé gbígbó lásán ni, àwọn ò sì ń san owó ohun tó gbó. Ohun tí wọ́n kọ sínú àdéhùn àti ohun tí mẹkáníìkì kọ sórí ìwé ló máa pinnu ẹni tó máa sanwó, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mú sípánà.

Ẹ ka ìwé náà láti ẹ̀yìn

Ojú ewé tí wọ́n kọ ohun tí wọn ò ní san sí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Oríṣi àdéhùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ kì í kọjá ẹ́ńjìnnì, jíà àti ọ̀pá tó ń yí táyà. Ẹ má wulẹ̀ wá ẹsẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀. Èkejì máa ń dárúkọ ohun tó ń san lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọn ò bá sì ti dárúkọ, kò sí nínú ẹ̀. Ẹ̀kẹta máa ń dárúkọ kìkì ohun tí kò ní san. Ẹ̀kẹta yìí ló wọ́n jù, òun náà ló sì dáa jù fún ẹni tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń kọ lóminú.

Nínú oríṣi kejì, àwọn tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ ni control arm (apá irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀) tòkè àti tìsàlẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé tó wà ní ìparí apá náà), bẹ́árìnì táyà, stabilizer bar (ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́) àti línkéèjì rẹ̀. Àwọn tí wọ́n sábà máa ń yọ kúrò ni ṣọ́ọ̀kì, strut (ṣọ́ọ̀kì tó wà pọ̀ mọ́ sípíríǹgì), búṣìn àti alignment (títo táyà kí wọ́n lè dúró gún). Sípíríǹgì kò dúró lójú kan. Àdéhùn kan á gbà á, òmíràn á yọ ọ́. Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tó ń lo afẹ́fẹ́ dípò sípíríǹgì, ẹ wò ó bóyá wọ́n dárúkọ àpò afẹ́fẹ́, kọ̀mpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò náà) àti sensọ̀ gíga ọkọ̀. Owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà fún wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ra wáráńtì. Láìsí wọn, owó tí ẹ fẹ́ san yẹn sàn kó wà lápò yín.

Ẹ wo àkókò ìdúró náà, ìyẹn àkókò tó gbọ́dọ̀ kọjá kí wáráńtì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. Ọgbọ̀n ọjọ́ pẹ̀lú máìlì 1,000 (nǹkan bíi kìlómítà 1,600) ló wọ́pọ̀. Ariwo tó bá bẹ̀rẹ̀ kó tó pé, wọ́n á ní ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò kí ẹ tó ra wáráńtì, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó kọ ọjọ́ àti kìlómítà sí i. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè, tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí wọ́n fi táyà tó tóbi ju tirẹ̀ lọ sí, àdéhùn tó pọ̀ ni kò ní san nǹkan kan lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí kòtò tàbí etí títì bá sì ṣẹ́, ìbánigbófò ni kí ẹ kọjú sí.

Nígbà tí ariwo bá bẹ̀rẹ̀

Ẹ fi jáàkì gbé táyà tí ariwo ti ń wá kúrò nílẹ̀, kí ẹ gbé irin tó lè gba ọkọ̀ dúró sábẹ́ ọkọ̀. Jáàkì nìkan kò tó. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín síwá-sẹ́yìn. Tó bá ń mì, kí ẹnìkan tẹ bíréèkì kí ẹ tún mì ín. Tí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́árìnì ni. Tí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ fura sí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ dì í mú lọ́tùn-ún lósì nìkan ló ń mì, táíródù (ọ̀pá tó ń darí táyà) ló ṣeé ṣe kó jẹ́, abẹ́ sítíárìn ni àdéhùn sì máa ń kọ ìyẹn sí, kì í ṣe abẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tó bá béèrè lábẹ́ orí tí kò tọ́ á gba "rárá" láìjẹ̀bi.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, ẹ wo ara rẹ̀. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó kan rin ín kì í jẹ́ ìbàjẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Èyí tó ń ṣàn wálẹ̀ ni wọ́n ń pè ní jíjò. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó nù ún. Ní ti sípíríǹgì, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti sábà máa ń kán, níbi tí omi àti ẹrẹ̀ ti ń dúró. Tí ojú ibi tó kán bá ti dípẹtà, ẹ retí pé wọ́n á di ẹ̀bi náà ru ìpẹtà.

Ẹ má máa wa ọkọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn sábà máa ń sọ pé ìbàjẹ́ tó bá gbilẹ̀ nítorí pé ẹ kò dúró, ẹ̀yin lẹ ni ín. Àpò afẹ́fẹ́ tó ń jò máa ń mú kọ̀mpírẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ láìsinmi títí á fi jóná. Wọ́n lè san àpò náà, kí wọ́n kọ̀ láti san kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó wọ́n jù ú lọ. Lọ́jọ́ tí iná ìkìlọ̀ bá tàn ni kí ẹ pè wọ́n. Tí wọ́n bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ sọ òótọ́ ohun tí ẹ gbọ́ àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bá wọn méfò ohun tó fà á.

Kí wọ́n tó tú bóòtù kan

Ilé-iṣẹ́ wáráńtì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí ló ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́: wọ́n á ti tún ọkọ̀ ṣe tán kí wọ́n tó gbé rìsíìtì lọ. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí àdéhùn gbà, kí ẹ sì fọwọ́ sí iye tí àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ kọjá, torí ẹ̀yin lẹ máa san án bí wọ́n bá kọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí mẹkáníìkì kọ. "Ẹsẹ̀ iwájú ń dún, ó ti gbó" ti pa ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó yẹ kó kọ ni irú èyí: "Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀, apá ọ̀tún níwájú, ń mì ní mílímítà 3, ó ju ohun tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ gbà lọ. Rọ́bà rẹ̀ ya, gíríìsì ti dànù." Ìwọ̀n yẹn ṣe pàtàkì, torí àwọn àdéhùn kan máa ń san owó ohun tó gbó bí ó bá ti kọjá ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ gbà.

Kí mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ pè wọ́n. Ẹ kọ nọ́ńbà àṣẹ tí wọ́n bá fún un, orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ọjọ́, àti iye tí wọ́n gbà láti san. Wọ́n lè rán ẹni tó máa wá wò ó, nítorí náà kí wọ́n má da ẹ̀yà tó bàjẹ́ nù.

Owó tó máa ṣì kù sí yín lọ́rùn

Ẹ béèrè bóyá ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé ọkọ̀ wá ni ẹ máa san ìpín yín (owó tí ẹ̀yin fúnra yín máa san nínú àtúnṣe), tàbí lórí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Bí ìpín yín bá jẹ́ 100, ẹ̀yà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lè jẹ́ 100, ó sì lè jẹ́ 300.

Alignment pọn dandan lẹ́yìn tí wọ́n bá pàrọ̀ control arm tàbí strut. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àṣẹ kan náà. Tí ẹ bá dá a béèrè lọ́tọ̀, wọ́n lè má san án. Ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún àti òsì ni mẹkáníìkì máa fẹ́ pàrọ̀ pọ̀, ó sì tọ̀nà, ṣùgbọ́n èyí tó bàjẹ́ nìkan ni wáráńtì sábà máa ń san. Bí bóòtù tó dípẹtà bá fi wákàtí kún iṣẹ́, kí mẹkáníìkì ya fọ́tò rẹ̀ kó tún pe ilé-iṣẹ́ wáráńtì kó tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ sì sọ fún un pé kó má fún bóòtù búṣìn pa nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ lófuurufú. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dúró lórí táyà rẹ̀ ni ìfúnpa ìkẹyìn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, rọ́bà náà á ti lọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀, á tètè ya, wáráńtì ò sì ní san ẹ̀bi iṣẹ́ ọwọ́.

Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tọ́ka sí gbólóhùn àdéhùn tí wọ́n fi kọ̀. Ẹ fi gbólóhùn náà wé ìwé mẹkáníìkì, kí ẹ gba àyẹ̀wò mẹkáníìkì mìíràn tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ pa pọ̀ pẹ̀lú fọ́tò.